Ẹ Wá Ibi Tí Omi Ń Sá Pamọ́ Sí Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ìtòsí Òkè-Fìà ni mo ń gbé níbí ní Òṣogbo. Olóògbé ọkọ mi ló ní kí wẹ́dà ṣe àpótí lẹ́tà onírin kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń já bíìlì iná, ìwé ìpè òde àti lẹ́tà ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì sí. Ó ti dípẹtà. Lọ́dún tó kọjá mo ní kí pẹ́ńtà kùn ún, kí òjò tó dáwọ́ dúró ọ̀dà ti ń wú, ó ń ṣí. Mo tún ní kí wọ́n kùn ún nínú oṣù Kejì ọdún yìí, ohun kan náà ló tún ń ṣe. Pẹ́ńtà ní ọ̀dà ọjà ni kò dára. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ní afẹ́fẹ́ òkun ni. Aládùúgbò mi ní kí n fi ásíìdì bátìrì mọ́tò fọ̀ ọ́. Wẹ́dà ní kí n jù ú nù kí òun ṣe tuntun. N kò fẹ́ jù ú nù nítorí ẹni tó ṣe é sílẹ̀. Èwo ni kí n ṣe, báwo ni kò sì ṣe ní padà wá?"

Mà, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa, mo sì rí i pé owó ọ̀dà nìkan kọ́ ló ń dùn yín. Ẹ ti náwó lẹ́ẹ̀mejì sórí ohun kan náà, èèyàn mẹ́rin sì ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín, ẹ kò wá mọ èyí tí ẹ ó gbọ́. Ẹ kò sì fẹ́ kí ohun tí bàbá fi sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù. Ní tèmi, ó ṣeé ṣe kó ṣì ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n n kò tíì fojú rí i, nítorí náà n ó sọ bí ẹ ṣe máa fọwọ́ ara yín dán an wò kí ẹ tó tún ná kọ́bọ̀ kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yín yẹ̀ wò. Kò parọ́, ibi tó ń gbé ló fi ń wo ọ̀rọ̀. Àwọn tó wà ní Lẹ́kí, Victoria Island tàbí Àgbádárìgì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ òkun máa ń gbé iyọ̀ wá. Iyọ̀ yẹn á bà lé irin, á máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin á sì tètè jẹ. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kì í ṣe etí òkun. Láti ibí dé Èkó ju 200 kìlómítà lọ lójú títì, odò Ọ̀ṣun tó sì gba ìlú wa kọjá, omi tí kò níyọ̀ ni. Iyọ̀ tí mo sábà ń rí tó ń jẹ ìdí géètì nílùú yìí ni ti ìtọ̀, ẹ má bínú. Bí àpótí yín bá sún mọ́ igun tí àwọn ọkùnrin ti máa ń kọjú sí ògiri lálẹ́, tàbí tí ajá ń gbẹ́sẹ̀ sókè sí, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ máa fi fọ ibẹ̀ déédéé. Ẹ lè kọ ọ́ sára ògiri pé kí wọ́n má tọ̀ síbẹ̀, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì rí ẹni tí ìkọ̀wé yẹn dá dúró.

Ti pẹ́ńtà ńkọ́? Ayédèrú ọ̀dà wà lọ́jà lóòótọ́, àwọn kan sì máa ń po tínà mọ́ ọ̀dà títí á fi di omi lásán. Síbẹ̀, ọ̀dà tó ń wú láti abẹ́ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọ̀dà. Ẹ lọ síta lọ́sàn-án, ẹ fi èékánná ṣí ègé kan níbi tó ti wú, kí ẹ wá yí ẹ̀yìn ègé náà padà wò nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí lẹ́búlẹ́bú ìpẹtà lẹ̀ mọ́ ọn, a jẹ́ pé wọ́n kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí, tàbí pé omi gba ẹ̀yìn wá bá irin lábẹ́ ọ̀dà. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì ń dán, ọ̀dà náà kò fìgbà kan di irin mú: epo tàbí eruku ló wà lójú irin nígbà tí wọ́n ń kùn ún, tàbí kí ojú irin ti dán jù kí wọ́n tó kùn ún. Àfi tí ọ̀dà kò bá ṣí rárá, tó jẹ́ pé ó kàn ń kúnná, tí àwọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹ bá fọwọ́ pa á, nígbà náà ni ẹ lè sọ pé oòrùn ti jẹ ẹ́ tàbí pé ojúlówó kọ́ ni. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ròyìn tiyín, mo máa fi owó lé e pé ẹ̀yìn ègé yẹn pupa.

Ohun mẹ́ta ló ń pàdé kí irin tó dípẹtà: irin fúnra rẹ̀, omi, àti ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, iṣẹ́ náà dúró. Irin kò ṣeé yọ, afẹ́fẹ́ kò ṣeé lé, omi ló kù tí agbára wa ká. Kì í sì í ṣe gbogbo omi ló burú bákan náà. Òjò tó bá rọ̀ sójú irin, tí oòrùn sì jáde kó tó pẹ́ tó gbẹ ẹ́, kò rí nǹkan kan ṣe tó bẹ́ẹ̀. Omi tó ríbi jókòó ló ń jẹ irin, ìyẹn èyí tó há sáàárín ṣíìtì méjì, tó dúró sínú igun, tó fara mọ́ ògiri tútù, tí oòrùn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà míì, òjò tilẹ̀ lè má rọ̀. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, irin tí kò ní ìbora lè bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà níbi tó wà, ẹ sì mọ bí ara ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ nílùú yìí lásìkò òjò. Ìpẹtà tó bá ti wà nílẹ̀ tún ń bá wọn ṣe é. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń fa omi mu bíi kànìnkànìn, tí kò sì ní jẹ́ kí irin abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ó tún ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì àyè irin tó jẹ lọ. Wíwú yẹn ló ń ti ọ̀dà yín sókè. Bó ti wù kí ọ̀dà wọ́n tó, kò lágbára láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àpótí yìí níbí, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ṣíìtì géèjì 18 ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà máa ń lò, tó nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 1.2. (Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń ga sí i ni ṣíìtì ń fẹ́lẹ́ sí i, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló rò pé òdì kejì ni, wọ́n sì ti fi ìyẹn rẹ́ wọn jẹ.) Wẹ́dà á gé e, á tẹ̀ ẹ́, á fi irin áńgù ṣe férémù rẹ̀, á wá jó wọn pọ̀. Ó yẹ kó jó gbogbo ojú ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ṣíìtì fẹ́lẹ́ máa ń tètè lu, ó sì máa ń ká kò bí iná bá pọ̀ lójú kan, epo jẹnẹrétọ̀ náà sì wọ́n. Wọ́n á wá jó o níbí díẹ̀, lọ́hùn-ún díẹ̀, wọ́n á fi pọ́tì dí àlàfo tó kù, wọ́n á fi sáńpépà rìn ín títí tó fi máa dọ́gba, wọ́n á kùn ún. Ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ á ní iṣẹ́ ti pé. Pọ́tì yẹn, irú èyí tí àwọn pánẹ́bítà fi ń tún ara mọ́tò ṣe, máa ń fa omi bí ọ̀dà orí rẹ̀ bá ti ṣí. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú irin, irin á nà, pọ́tì kò ní nà bó ṣe nà, á sán. Ojú sísán yẹn lè tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹ kò ní rí i àfi tí ẹ bá fojú sún mọ́ ọn, omi òjò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Yóò wọlé, kò ní rọ́nà jáde. N kò fi èyí bú àwọn wẹ́dà o, iṣẹ́ tí oníbàárà sanwó fún ni wọ́n ń ṣe, oníbàárà kì í sì í béèrè nípa ohun tí kò lè rí.

Ìdàrọ́ náà wà níbẹ̀. Èyí ni èépá dúdú tó máa ń bo ojú ibi tí wọ́n jó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hámà gbá a kúrò kí irin tó funfun lábẹ́ rẹ̀, torí bó bá wà níbẹ̀, òun ni ọ̀dà máa dì mú, kì í ṣe irin, ọjọ́ tó bá sì ṣí ló máa gbé ọ̀dà lọ. Irin áńgù tún máa ń gbé awọ dúdú kan, tó fẹ́ jọ búlúù, wá láti ibi tí wọ́n ti fi iná rọ ọ́. Ó máa ń dán, ó sì ń tan èèyàn jẹ, àwọn pẹ́ńtà kan rò pé ó ti mọ́ tó. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó tó bá yá. Bí ọ̀dà yín bá ń ṣí ní pẹlẹbẹ gbọọrọ ní etí férémù, tó wá dá ojú àárín ṣíìtì sí, ẹ fura sí awọ yẹn.

Ibi méjì míì tí omi ń sá pamọ́ sí ni ìdí àpótí àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí àpótí sábà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kò níhò, omi tó bá gba ojú ìjálẹ́tà wọlé á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bíìlì tí ẹ kò tíì kó. Ìwé tútù tó lẹ̀ mọ́ irin lè má gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣí àpótí náà lónìí, ẹ kó gbogbo ìwé àti ewé gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbá ilé agbọ́n alámọ̀ tó bá wà ní igun rẹ̀ dànù, kí ẹ wá na ọwọ́ sí ìdí rẹ̀. N kò rò pé pẹ́ńtà yín kun ibẹ̀. Ìta tí aráyé ń rí ni wọ́n máa ń kùn, inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn tó fara ti ògiri ló tún burú jù ú lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi, ó sì lè tutù fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí òjò ti dá. Irin tó bá fara mọ́ ọn kò ní gbẹ, kò sì sẹ́ni tó lè fi búrọ́ọ̀ṣì débẹ̀ láìjẹ́ pé ó tú àpótí náà sílẹ̀. Bí ọ̀ṣọọ̀rọ̀ òrùlé yín tún ń dà lé e lórí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kúrò lára ògiri. Bó bá jẹ́ bóòtù ló dì í mú, tí ìpẹtà ti jẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀, ẹ bu epo díẹ̀ sí i lálẹ́, á ti rọ̀ láàárọ̀. Bí wọ́n bá sin ín mọ́ sìmẹ́ńtì, ẹ ní kí bíríkìlà rọra gbẹ́ ẹ, kì í ṣe kó fi hámà lù ú. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ mú sukurudiráfà, ẹ máa fi imú rẹ̀ kan ibi tó ti dípẹtà káàkiri, pàápàá ìdí, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Bí irin bá ń dún gan-an, tí sukurudiráfà kò wọlé, ìpẹtà ojú lásán ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní tuntun. Bó bá wọlé ní ìdí nìkan, wẹ́dà lè fi fáìlìn máṣìn gé ìdí náà kúrò títí dé ibi tí irin ti le, kó fi ṣíìtì tuntun pààrọ̀ rẹ̀, kó jó o yíká láìfo. Àtúnṣe gidi nìyẹn, iwájú tí bàbá ní kí wọ́n ṣe kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n bó bá ń wọlé ní ìdí, lẹ́yìn, lórí àti ní igun, ọ̀rọ̀ wẹ́dà yín ti di òótọ́. Irin tó ti fẹ́lẹ́ yíká kò ṣeé jó mọ́, ihò tí iná máa dá sí i á ju èyí tó ń dí lọ. Ẹ ṣì lè yọ ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀, bí ìyẹn bá le, kí wọ́n fi í sára àpótí tuntun.

Ásíìdì bátìrì tí aládùúgbò yín sọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, rárá o. Yóò jẹ ìpẹtà lóòótọ́, á sì jẹ irin, á jẹ ọwọ́, ẹ̀kán rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ba ojú jẹ́ títí ayé. Èyí tó tún burú ni pé á wọ inú àlàfo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, omi fífọ̀ kò ní lè fọ̀ ọ́ jáde tán, á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Bákan náà ni ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ tí àwọn kan ń pò pọ̀. Ọsàn kò burú fún ohun kékeré, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó kù sínú igun irin, iṣẹ́ afẹ́fẹ́ òkun l'Ékòó ló máa ṣe fún yín níbí. Bó bá jẹ́ àgádágodo, sukúrù tàbí ínjìsì tó ṣeé tú, ẹ rì í sínú fínígà ilé ìdáná mọ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án lómi dáadáa, ẹ gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi epo pa á. Ó ń ṣiṣẹ́. Fún àpótí gangan, fífá irin àti agbára apá ló dára jù. Wọ́n tún ń ta oògùn kan tí wọ́n ń pè ní rust converter, tó ní phosphoric acid tàbí tannic acid nínú, tó máa ń sọ ìpẹtà di ohun dúdú tó le tí ọ̀dà lè dì mú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ojú tí ìpẹtà rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó sì lẹ̀ mọ́ irin típẹ́, àti fún ihò wẹ́wẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Lórí ìpẹtà tó nípọn tó ń wó, ojú rẹ̀ nìkan ló máa yí padà, inú á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Kì í ṣe ohun tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ fífá.

Ẹ wá fá a. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà sáńpépà nọ́ńbà 80, kí wọ́n wá fi 120 parí rẹ̀. Bí wọ́n bá máa lo fáìlìn máṣìn, orí onírin wáyà ni kí wọ́n fi sí i, kì í ṣe díìsìkì tí wọ́n fi ń lọ irin, torí díìsìkì máa jẹ ṣíìtì mílímítà 1.2 kan dé òdì kejì kí wọ́n tó mọ̀. Kí ẹni tó ń ṣe é wọ awò, kó sì bo imú. Ẹ máa fá a títí ẹ ó fi rí irin tó funfun, kí ẹ sì kọjá etí ìpẹtà wọnú ọ̀dà tó ṣì dára tó ìbú ìka méjì, torí ìpẹtà máa ń rìn lábẹ́ ọ̀dà ju ibi tí ojú rí lọ. Gbogbo pọ́tì tó wà lójú ìpàdé, ẹ yọ ọ́. Níbi tí àlàfo bá wà lábẹ́ rẹ̀, kí wẹ́dà jó o pa, kó gbá ìdàrọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú tínà nu gbogbo rẹ̀, kí ẹ yí aṣọ padà bó bá ti dúdú. Àwọn kan máa ń fi kẹrosíìnì nù ún torí pé ó wà nílé. Kẹrosíìnì máa ń fi epo sílẹ̀, ọ̀dà kì í sì í gbà lórí epo. Bẹntiróòlù lè dáná sun èèyàn. Lẹ́yìn nínù, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́, mo ti rí irin tó dípẹtà ní àmì ìka ọwọ́ márààrún.

Ọ̀dà àkọ́kùn gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Irin tí ẹ fá láàárọ̀ tí ẹ wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì lásìkò òjò, á ti tún pọ́n díẹ̀ kí ẹ tó dé. Red oxide ni gbogbo ayé mọ̀, ó sì tó. Bí ẹ bá rí èyí tó ní zinc phosphate nínú, ó tún sàn jù. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa red oxide: kì í ṣe ọ̀dà tó yẹ kó wà lókè pátápátá. Òjò àti oòrùn ń wọ inú rẹ̀. Ẹ máa rí géètì tuntun lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé red oxide nìkan ló wà lára rẹ̀ láti ìgbà tí owó ti tán lọ́wọ́ onílé. Bí òjò ọdún kan bá ti kọjá lórí rẹ̀, ìpẹtà ti wà lábẹ́ pupa yẹn, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí i. Bó bá ti gbẹ, ẹ kun ọ̀dà olóróró tó ń dán lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí àkọ́kọ́ gbẹ mọ́jú kí ìkejì tó wọlé. Ẹ tún bi pẹ́ńtà yín léèrè bóyá ọ̀dà ògiri tó ṣẹ́kù ló fi kùn ún lọ́jọ́sí. Omi ni wọ́n fi ń po ọ̀dà ògiri, bó bá kan irin lásán, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Ojú ìpàdé, etí àti igun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn, torí ọ̀dà máa ń sá kúrò létí mímú. Kí inú, ẹ̀yìn àti abẹ́ ìdí rẹ̀ sì gba iye ìgbà kan náà pẹ̀lú iwájú. Bí pẹ́ńtà bá ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó máa rí i, ẹ sọ fún un pé omi máa rí i.

Oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò tíì mú, ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Ọyẹ́ gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ máa ń bà lé ọ̀dà tútù. Bí ẹ kò bá lè dúró, ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ náà ṣeé lò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní kùtùkùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lára irin, ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, torí ojú ọ̀dà á yára gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Abẹ́ ìbòòji, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí wọ́n tó kùn ún ni kí wẹ́dà ti dá ihò lu sí igun ìdí rẹ̀, ó kéré tán méjì, tó fẹ̀ tó mílímítà 6, kí omi lè máa jáde. Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìwé yìí, ihò wọ̀nyí ni n ó mú, wọn kò sì tó nǹkan lówó. Kó tún fi pẹlẹbẹ irin kan ṣe àtíbàbà sí òkè ojú ìjálẹ́tà, kó yọ síta, kó sì tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà sára ògiri, ẹ gé tíúbù táyà àlòkù sí róbótó-róbótó, ẹ tò wọ́n lé ara wọn títí tí wọ́n fi nípọn tó ìbú ìka kan, kí bóòtù gba àárín wọn kọjá. Afẹ́fẹ́ á lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo náà kó lè "fínjú". Wọ́n máa fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá wá di dandan kí ẹ ṣe tuntun, ẹ béèrè ṣíìtì gálfànáìsì. Síǹkì (zinc) tí wọ́n fi bò ó lára ló ń jẹ dípò irin, kódà bí nǹkan bá họ ọ́ díẹ̀. Wàhálà rẹ̀ méjì ni pé ọ̀dà olóróró kì í pẹ́ lára rẹ̀ láìsí ọ̀dà àkọ́kùn tó jẹ́ tirẹ̀, àti pé bí wẹ́dà bá jó o, síǹkì ibẹ̀ á jóná, èéfín rẹ̀ sì ń fún èèyàn ní ibà, nítorí náà ìta gbangba ni kó ti ṣe é, kí ẹ sì tún ojú ibẹ̀ kùn. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà rárá. Aṣíru Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ìlú wa níbí tó di olókìkí ayàwòrán, alumíníọ̀mù àti bàbà ló máa ń lù nígbà ayé rẹ̀ tó fi ń ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọ̀, olè lè fi ọ̀bẹ là á, bó bá sì kan irin níbi tó tutù, alumíníọ̀mù ló máa jẹ. Rọ́bà ló yẹ kó wà láàárín wọn. Ní tòótọ́, bí ìdí àpótí yín nìkan ló bá jẹ, n kò rí ìdí tí ẹ ó fi wọ inú gbogbo ìnáwó yìí.

Ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà kò le. Nínú oṣù Kejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tó bá parí, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi wáyà tú ihò ìdí rẹ̀, ẹ kán epo ẹ́ńjìnì tuntun sí ínjìsì. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ tàbí òkúta bá ti họ ọ̀dà, ẹ tètè fi red oxide àti ọ̀dà kàn án, kí ó má di pé ẹ tún pe pẹ́ńtà. Ẹ tọ́jú ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú ìgò kékeré tó dé dáadáa. Epo dúdú tí wọ́n yọ nínú mọ́tò tí àwọn kan fi ń pa irin dára fún ọkọ́ àti àdá, ṣùgbọ́n yóò ba lẹ́tà jẹ́, á sì kó eruku. Bí etí irin bá gé ẹnikẹ́ni nígbà iṣẹ́ yìí, kó fọ ojú ọgbẹ́, kó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ọsibítù. Ìpẹtà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fa àrùn yẹn, kòkòrò inú ilẹ̀ àti ìdọ̀tí ni, ṣùgbọ́n irin ìdí géètì kì í ṣàìní ìdọ̀tí lára.

Bí wọ́n bá ti tú u, Mà, ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fún wẹ́dà lówó. Ẹ má ya iwájú, kò lè sọ nǹkan kan fún mi.